Bí ẹ ṣe máa gba iwájú bọ́ọ̀dù kọjá ní New Jersey: ẹ̀yin tó fẹ́ fi yàrá kún ilé àti ẹ̀yin tó fẹ́ tún ṣọ́ọ̀bù ṣe

Ìbéèrè kan náà ni mo ti ń dáhùn láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé wa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ mi ni, owó mi ni, kí ló dé tí wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ara mi níwájú bọ́ọ̀dù?" Mo ti dáhùn ẹ̀ lórí WhatsApp, mo ti dáhùn ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, mo tiẹ̀ dáhùn ẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ń pa wá. Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan.

New Jersey ni mò ń sọ o, bọ́ọ̀dù ìlú tó ń pinnu bóyá èèyàn lè kọ́ ohun tí òfin ilẹ̀ ò gbà ni mo sì ń pè ní bọ́ọ̀dù. Òfin tó wà nídìí ẹ̀, Municipal Land Use Law, òfin ìpínlẹ̀ ni, torí náà bẹ́ ẹ wà ní Newark, bẹ́ ẹ wà ní Union tàbí Piscataway, bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà pe aládùúgbò àti bí wọ́n ṣe ń dìbò ò yàtọ̀. Iye ẹsẹ̀ bàtà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń béèrè ló yàtọ̀, ó sì yàtọ̀ gan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Maryland àti Texas, ẹ lè kà á, àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà inú ẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹni tó ti jìyà ẹ̀ ni mí.

Ṣé ọ̀rọ̀ yín tiẹ̀ kan bọ́ọ̀dù?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ inú ilé nìkan lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ fẹ́ tún kíṣíìnì ṣe, ẹ fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, pẹ́míìtì nìkan lẹ máa gbà, tó bá tiẹ̀ gba pẹ́míìtì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún ìta, tí gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ bá òfin zoning àdúgbò yín mu (òfin tó ń sọ ohun tí èèyàn lè kọ́ síbì kan àti bó ṣe lè tóbi tó), zoning officer, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlú tó ń bójú tó òfin náà, máa fọwọ́ sí i, ẹ gba pẹ́míìtì, ọ̀rọ̀ parí. Àfi tí nọ́ńbà kan, kódà ẹyọ kan péré, bá yẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa nílò variance, ìyẹn ni pé kí bọ́ọ̀dù yọ̀ǹda fún yín láti yà kúrò nínú ohun tí òfin sọ. Zoning board ló ń fún èèyàn ní variance, planning board ló ń yẹ plan ilé ìtajà wò, àwọn ìlú kéékèèké kan wà tí bọ́ọ̀dù ẹyọ kan ń ṣe méjèèjì. Ẹ máà méfò, ẹ pe táùn họ́ọ̀lù kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó pe àkítẹ́ẹ̀tì kankan:

1. Ẹ wá ìwé survey tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra ilé. Tó bá ti pẹ́, tàbí tí ẹnì kan ti kọ́ dẹ́ẹ̀kì tàbí ṣẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ máa ní láti wọn ilẹ̀ tuntun.
2. Ẹ wo nọ́ńbà block àti lot yín (nọ́ńbà tí ìlú fi ń dá ilẹ̀ yín mọ̀) lára bíìlì owó orí ilé, ẹ fi wá zone yín, ìyẹn ìpín tí òfin fi àdúgbò yín sí, lórí máàpù ìlú.
3. Òfin zoning ìlú yín wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá tébù zone yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀: àyè tó gbọ́dọ̀ ṣófo níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lẹ́yìn, gíga ilé, àti ìdá mélòó nínú ilẹ̀ tí ilé lè bò mọ́lẹ̀.
4. Ẹ fi wé tiyín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ yín fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó gùn tó 100, 5,000 square feet nìyẹn. Ká ní òfin ní ilé ò gbọ́dọ̀ bò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 1,500 nìyẹn. Ilé yín jẹ́ 1,200, gáréèjì ẹ̀yìn jẹ́ 240, ẹ ti wà ní 1,440 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Yàrá tẹ́ ẹ ń wò yẹn, tó fẹ̀ tó 12, tó gùn tó 16, jẹ́ 192. Àpapọ̀ ẹ̀ di 1,632, ẹ ti fi 132 kọjá ààlà. Yàrá kékeré, ó ti di variance. Gáréèjì yẹn ni èèyàn sábà máa ń gbàgbé kà mọ́ ọn.

Pańpẹ́ méjì wà tó máa ń mú àwọn èèyàn wa jù. Àkọ́kọ́: ilé ìdílé méjì tẹ́ ẹ rà, tó wà ní àdúgbò tí òfin ti sọ di ti ìdílé kan. Ilé yẹn lè máa bẹ lọ bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa lé yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un, variance tó le jù lẹ máa béèrè, màá sọ ti ìbò ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìkejì: kíṣíìnì kejì. Màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, màmá ò lè jẹ oúnjẹ tí ìyàwó yín ń sè, màmá fẹ́ máa ro àmàlà tiẹ̀, lẹ bá fi sítóòfù àti síǹkì sínú yàrá tuntun, ẹ tún yọ ilẹ̀kùn sí i láti ìta. Lójú zoning, ẹ ti kọ́ ilé kejì. Nínú zone ìdílé kan, àtúnṣe ilé ti kúrò níbẹ̀, ẹ ti ń yí ohun tí wọ́n ń lo ilẹ̀ náà fún padà. Ẹ bi zoning officer nípa kíṣíìnì kí àkítẹ́ẹ̀tì tó yà á sórí bébà.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe ẹjọ́ tiyín

Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe tèmi, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, mo sọ nípa orúnkún màmá mi, bí wọn ò ṣe lè gun àtẹ̀gùn mọ́, bí àwọn ọmọ mẹ́ta ṣe ń sùn nínú yàrá kan. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n mirí, inú mi ń dùn. Lọ́yà bọ́ọ̀dù wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, ẹ ṣeun sà, kí ló ṣàrà ọ̀tọ̀ nípa ilẹ̀ yín? Mi ò ní èsì. Àkítẹ́ẹ̀tì mi ló gbà mí, ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ plan, ó ní ojú títì ṣẹ́ kọ́nà níwájú ilé yìí, torí ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó 50 níwájú tó sì fún di 38 lẹ́yìn, ilé tó bá òfin ẹ̀gbẹ́ mu níwájú kò lè bá a mu lẹ́yìn láé. Ìṣẹ́jú méjì ló fi sọ ọ́. Òun ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpinnu, orúnkún màmá mi ò sí níbẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ni pé variance kì í tẹ̀ lé yín lọ, ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹ lè ta ilé lọ́dún tó ń bọ̀, màmá lè padà sílé, àmọ́ yàrá yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Fún variance kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní c, ọ̀nà méjì ló wà:

- Ẹ fi hàn pé ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ló fa ìṣòro: ó tóóró jù, ó kúrú jù, ìrísí ẹ̀ wọ́, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí ibi tí wọ́n kọ́ ilé tó wà lórí ẹ̀ sí ò bára mu. Kó má jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ o. Ẹni tó gé ilẹ̀ ẹ̀ tà, tó wá ń pariwo pé ilẹ̀ òun kéré, wọn ò ní gbọ́.
- Tàbí kẹ́ ẹ fi hàn pé àǹfààní tó máa ti ibẹ̀ wá fún àdúgbò ju ìpalára ẹ̀ lọ dáadáa. Àǹfààní yín nìkan ò tó.

Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, ẹ ṣì máa fi hàn pé kò ní pa àwọn ará àdúgbò lára púpọ̀, kò sì ní ba ètò zoning ìlú jẹ́. Ibẹ̀ ni fọ́tò ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ya ilé tó wà lápá ọ̀tún, lápá òsì, lódìkejì títì, ẹ fi hàn pé tiyín ò ní dá yàtọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe dípò kẹ́ ẹ lọ síwájú bọ́ọ̀dù

Ẹ wò ó ná. Nínú ìṣirò òkè yẹn, tẹ́ ẹ bá wó gáréèjì tí kò sí mọ́tò nínú ẹ̀ láti ọdún méje, ẹ ti bọ́ sí 1,392, kò sí variance mọ́ lórí ìyẹn (àmọ́ ẹ bèèrè o, àwọn ìlú kan pọn ọ́n dandan kí ilé ní gáréèjì). Ẹ lè gbé yàrá náà sí òkè dípò kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀yìn, ẹ kàn ṣọ́ra, torí tí ògiri ìsàlẹ̀ bá ti sún mọ́ ààlà ju bí òfin ṣe wí, ní ìlú púpọ̀, gbígbé ògiri òkè lé e náà ń béèrè variance. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sún ògiri sínú. Ẹ lè tún yàrá abẹ́ ilé (basement) ṣe, tó bá ní ọ̀nà àbájáde tí òfin fẹ́. Àkítẹ́ẹ̀tì tó gbọ́n á sọ gbogbo èyí fún yín, èyí tó bá sáré sọ pé "á gbà á, ẹ fi mí sílẹ̀," ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù ìlú yín.

Bí ẹ ṣe máa gbé ìwé wọlé

1. Ẹ kọ́kọ́ gbé plan lọ bá zoning officer kó kọ̀ ọ́ fún yín lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lẹ ń wá, torí ó máa to gbogbo variance tẹ́ ẹ nílò lẹ́sẹẹsẹ. Tẹ́ ẹ bá gbà pé ó ṣì òfin kà, ọjọ́ 20 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí bọ́ọ̀dù.
2. Ẹ gba fọ́ọ̀mù àti checklist lọ́wọ́ sẹ́kítírì bọ́ọ̀dù. Ẹni yìí ni kẹ́ ẹ mú lọ́rẹ̀ẹ́, ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í léèrè, òun ló mọ ohun tí wọ́n máa ń torí ẹ̀ dá ìwé padà.
3. Ẹ rí i pé ẹ ò jẹ owó orí ilé, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè.
4. Ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì méjì. Ọ̀kan fún owó fọ́ọ̀mù, ìkejì fún escrow. Escrow yìí ni wọ́n fi ń sanwó fún lọ́yà àti ẹnjiníà bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń yẹ ìwé yín wò, tó bá tán wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi kún un, tó bá ṣẹ́kù, tiyín ni, àmọ́ ẹ kọ lẹ́tà béèrè ẹ̀.
5. Ẹ kó ẹ̀dà plan lọ bí checklist ṣe wí. Tí wọ́n bá ní 15, ẹ má kó 12 lọ.
6. Ẹ dúró. Wọ́n ní ọjọ́ 45 láti sọ bóyá ìwé yín pé. Tó bá ti pé, ọjọ́ 120 ni zoning board ní láti dájọ́, àfi tẹ́ ẹ bá gbà kí wọ́n sún un síwájú. Èmi máa ń sọ fún èèyàn pé kó fi oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà sọ́kàn, kó má tíì bá kọntirákítọ̀ dá ọjọ́.

Lẹ́tà aládùúgbò: ibi tí èmi ti ṣubú

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Tí lẹ́tà ìpè yìí bá ní àbùkù, bọ́ọ̀dù ò ní agbára rárá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, kódà kí gbogbo wọn fẹ́ràn yín. Tí wọ́n bá sì ṣèèṣì gbọ́ ọ, aládùúgbò kan lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e.

Gbogbo onílé tí ilẹ̀ ẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 200 sí ilẹ̀ yín lẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí, níhà gbogbo, títí kan òdìkejì títì, kódà kó jẹ́ ìlú mìíràn ni ilé ẹ̀ wà. Ẹ má fi ojú ara yín ka ilé. Ẹ kọ̀wé sí táùn kí wọ́n fún yín ní orúkọ wọn, ọjọ́ méje ni wọ́n ní, owó ẹ̀ ò sì lè ju dọ́là 10 tàbí sẹ́ǹtì 25 lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra orúkọ yẹn ni pé òfin dáàbò bo yín tẹ́ ẹ bá lò ó: tí táùn bá gbàgbé ẹnì kan, kò ba ìpè yín jẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ ti wọ gàù.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà:

- ọjọ́, aago àti ibi tí bọ́ọ̀dù máa jókòó sí
- ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ àti gbogbo variance tẹ́ ẹ ń béèrè, lédè tí aráàlú máa yé
- àdírẹ́sì ilé, tàbí block àti lot
- ibi tí èèyàn ti lè wo plan àti aago tí wọ́n ń ṣí ibẹ̀

Ẹ fi ránṣẹ́ ní certified mail tàbí kẹ́ ẹ fà á lé onílé lọ́wọ́, ẹ tún gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn tí ìlú ń lò tàbí níbi tí sẹ́kítírì bá ní kẹ́ ẹ gbé e sí. Tí ilé yín bá wà létí títì county, county planning board náà máa gba tiẹ̀. Tó bá wà létí títì ìpínlẹ̀, ẹ̀ka ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà máa gbà. Ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ìjókòó tó wáyé ni gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti jáde, plan yín náà sì gbọ́dọ̀ ti wà ní táùn họ́ọ̀lù fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ọjọ́ 10 yìí gan-an ni mo ṣì kà. Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí pọ́ọ̀sì, ìjókòó jẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo fi ìka ka ọjọ́, mo ka ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ mọ́ ọn, ó di mẹ́wàá lójú mi. Mẹ́sàn-án ni. Lẹ́tà 27, ìwé pélébé aláwọ̀ ewé àti funfun 27 tí akọ̀wé pọ́ọ̀sì lu òǹtẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi, gbogbo ẹ̀ di òfo. Oṣù kan gbáko ni mo tún fi dúró, mo san owó pọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kejì, mo san owó ìkéde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi ọjọ́ 14 ṣe tiyín, ẹ má ra wàhálà. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé òǹtẹ̀ yẹn, torí ẹ máa búra fún sẹ́kítírì lórí ìwé pé ẹ ti fi ránṣẹ́, ẹ ó sì so wọ́n mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí òfin ò sọ: ẹ lọ kan ilẹ̀kùn kí lẹ́tà tó dé. Lẹ́tà certified máa ń dẹ́rù ba èèyàn, á rò pé wọ́n pe òun lẹ́jọ́ ni. Ẹ mú plan dání, ẹ fi hàn án, ẹ bi í ohun tó ń dùn ún. Bàbá tó wà lẹ́yìn ilé wa, fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí àgbàlá ẹ̀ ni wàhálà ẹ̀. A gbé fèrèsé náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó wá sí ìjókòó wá sọ̀rọ̀ rere nípa wa. Ẹ jẹ́ kó wá fúnra ẹ̀ o. Kẹ́ ẹ kó ìwé tí ogún èèyàn fọwọ́ sí dání ò tà létí wọn, torí kò sẹ́ni tó lè bi bébà ní ìbéèrè.

Alẹ́ ọjọ́ ìjókòó

Ẹ wọṣọ tó bójú mu, ẹ tètè dé, ẹ jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ṣáájú, ẹ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan. Onílé tó jẹ́ èèyàn lásán lè sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ láìsí lọ́yà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ búra, wọ́n sì ń gba ohùn yín sílẹ̀, torí náà ẹ sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn, díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú ti yín nítorí ohùn Yorùbá tó wà lẹ́nu yín. Fọ́tò àti bébà tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n, wọ́n á kọ A-1, A-2 sí i, kò ní padà wá, ẹ mú ẹ̀dà lọ.

Bó ṣe sábà máa ń lọ:

1. Ẹ̀yin á sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ìṣẹ́jú mélòó kan tó.
2. Àkítẹ́ẹ̀tì á ṣàlàyé plan àti ìdí tí ilẹ̀ fi fà á. Fún variance ńlá, ìyẹn d tí mo máa sọ nísàlẹ̀, ẹ nílò planner (ẹni tó mọ̀ nípa ètò ìlú) tó ní láísẹ́ǹsì pẹ̀lú.
3. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù á béèrè ìbéèrè, ẹnjiníà wọn á sọ̀rọ̀ lórí omi òjò, ibi tó máa ṣàn gbà.
4. Aráàlú á béèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á búra sọ tinú wọn.
5. Wọ́n á dìbò.

Tí ẹnì kan bá dìde tó ń bú yín, ẹ má dá a lóhùn, ẹ dúró kí alága pè yín. Tí bọ́ọ̀dù bá bi yín pé ṣé ẹ lè gbin igi sí etí ààlà, ṣé ẹ lè dín in kù ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ èsì láti ilé. Ẹni tó bá ń fún wọn ní nǹkan díẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ohun tó wá.

Ẹ má lọ rí alága nílé o. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rò ni "ta la mọ̀ níbẹ̀?", ká lọ kí i lálẹ́, ká mú nǹkan dání. Níbí, ẹ ti ba ẹjọ́ yín jẹ́ nìyẹn. Ọmọ bọ́ọ̀dù tó bá bá yín sọ ọ́ níta, ó lè di dandan kó kúrò lórí àga lọ́jọ́ náà, ìbò kan tó lè jẹ́ tiyín sì ti lọ.

Ẹ ka orí wọn kẹ́ ẹ tó ya ẹnu yín

Zoning board ní ọmọ méje, pẹ̀lú àwọn adípò. Variance c ń fẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ gbà. Variance d, ìyẹn èyí tó ń yí ìlò ilẹ̀ padà tàbí tó ń fẹ ilé tí ìlò ẹ̀ ti yàtọ̀ sí òfin, bíi ti ilé ìdílé méjì tí mo sọ lókè, ìbò márùn-ún gbáko ló ń fẹ́, iye yòówù kó wà níjókòó. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé márùn-ún péré ló wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ nílò gbogbo wọn láìku ẹnì kan. Ẹ lè ní kí wọ́n sún yín sí oṣù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá kéde ọjọ́ tuntun náà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn, ẹ ò ní fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́. Ẹni tí kò wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì lè dìbò lẹ́yìn náà, tó bá fọwọ́ sí i pé òun ti gbọ́ gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.

Wọ́n ti gbà fún yín, kí ló kù?

Ẹ má tíì wú ilẹ̀. Bọ́ọ̀dù máa kọ ìpinnu náà sílẹ̀, resolution ni wọ́n ń pè é, láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn ìbò. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí gbogbo ìlérí tẹ́ ẹ ṣe lórí gbohùngbohùn ti di májẹ̀mú nínú ẹ̀. Wọ́n á kéde ẹ̀, ọjọ́ 45 látìgbà ìkéde yẹn ni ẹni tínú ń bí ní láti gbé e lọ sí kóòtù. Tẹ́ ẹ bá kọ́lé láàárín ìgbà náà, ewu ẹ̀ wà lọ́rùn yín. Àwọn ìlú kan tún ń fún variance ní gbèdéke, tẹ́ ẹ ò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kú.

Lẹ́yìn náà ni pẹ́míìtì tòótọ́: ìkọ́lé, iná mànàmáná, omi, ààbò lọ́wọ́ ìjàǹbá iná. Wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti yẹ plan yẹn wò. Kọntirákítọ̀ yín gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ má bo ògiri kí inspector tó wò ó.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù

Tiyín le díẹ̀ sí i. Ilé ìdílé kan tàbí méjì kì í ṣe site plan (plan gbogbo ilẹ̀ tí bọ́ọ̀dù ń yẹ̀ wò), ṣọ́ọ̀bù sì máa ń ṣe é tí nǹkan bá ń yí padà níta tàbí tí ìlò ibẹ̀ bá ń yí padà. Kíkùn ara ògiri àti pípààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù ò gba bọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ sọ ọ́fíìsì di bùkátérìà ń gbà á: iye ibi tí mọ́tò máa páàkì sí máa yí padà, afẹ́fẹ́ èéfín máa gba òrùlé jáde, ibi ìdọ̀tí máa pọ̀ sí i, sáìnì máa yí.

- Ẹ má fọwọ́ sí ìwé lease kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá zone gba iṣẹ́ yín. Tí onílé bá ń kánjú, ẹ ní kí lọ́yà fi sí i pé tí bọ́ọ̀dù bá kọ̀, lease ti kú, owó yín padà. Mo mọ ẹnì kan tó ń san rẹ́ǹtì ibi tí kò lè ṣí fún oṣù mọ́kànlá.
- Tí ilé bá wà lórúkọ LLC tàbí kọ́pọ́réṣọ̀n, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ fúnra yín, lọ́yà ló gbọ́dọ̀ dúró fún yín, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń béèrè àṣẹ láti fi ibẹ̀ ṣòwò tún máa kọ orúkọ ẹni tó bá ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀.
- Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ yín kúrò nínú site plan tí iṣẹ́ ìta bá kéré. Ọ̀pọ̀ ìlú ní àyè fún un, ẹ̀yin lẹ máa béèrè, wọn ò ní fi lọ̀ yín.
- Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fẹ́ ra wíáháùsì: kóòtù New Jersey ka ilé ìjọsìn sí ohun tó ń ṣe ìlú láǹfààní, ìyẹn sì máa ń mú kí ẹjọ́ fúyẹ́, àmọ́ páàkìn ọjọ́ Sunday àti ariwo ìṣọ́ òru ni wọ́n máa dì mọ́ yín lọ́rùn. Ẹ mú nọ́ńbà lọ: àga mélòó, mọ́tò mélòó, aago mélòó lẹ ń parí.

"A ti kọ́ ọ tán láìgbàṣẹ ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé ló sábà máa ń tú síta, ìlú púpọ̀ ló ń rán ẹni wá wo ilé kó tó yí ọwọ́ padà, á sì fi yàrá tó rí wé ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ pe àkítẹ́ẹ̀tì kó wọn ohun tó wà nílẹ̀ kó yà á bó ṣe rí, ẹ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé gbogbo ọ̀nà tí mo kọ yìí láti òkè. Níwájú bọ́ọ̀dù, ẹ má sọ pé "owó tá a ti ná pọ̀," wọn ò gbọ́dọ̀ kà á sí, wọ́n á wò ó bíi pé ilẹ̀ ṣì ṣófo. Kẹ́ ẹ sì múra sílẹ̀ pé inspector lè ní kẹ́ ẹ ṣí ara ògiri kan tàbí méjì kó lè rí wáyà inú ẹ̀, torí náà ẹ má tíì kun yàrá yẹn ní ọ̀dà tuntun.